Òtútù Tí Mo Kọ̀

Fún ọdún méje gbáko, òtútù ni mo di gbogbo ẹ̀bi rù. Bí orí bá ń fọ́ mi, òtútù ni. Bí oúnjẹ kò bá dùn lẹ́nu mi, òtútù ni. Nígbà tí etí mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, n kò tilẹ̀ wá ọ̀daràn mìíràn. Ẹni tó bá ti Fìdítì gúnlẹ̀ sí ìhà àríwá Ìlú Ọba nínú oṣù kìíní ọdún kò ní bá mi jiyàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá jáde, atẹ́gùn kan kọ lù mí ní ìta, ó gba etí ọ̀tún mi wọlé bí abẹ́rẹ́. Mo fi ọwọ́ bo etí, mo dúró gbagidi sí ẹ̀gbẹ́ títì. Obìnrin kan tó ń fa ajá rẹ̀ kọjá wò mí, mo kí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò dá mi lóhùn rárá, mo sì bínú sí i. Ó tó ọdún kan kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn ni ìkíni tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ pé etí kan ṣoṣo ni mo gbé lọ sí òkè òkun. Ṣegede ló pa ti òsì nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú débi pé n kò lè la ẹnu mu ẹ̀kọ, nígbà tí wíwú náà sì fà, etí òsì kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Láti ìgbà náà ló ti sọ etí ọ̀tún di ẹyin tí kò gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́. Tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa á ti yọ́ òrí lórí iná, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ dán an wò, á kán an sí mi létí, á fi òwú dí i, á wá fi gèlè rẹ̀ àtijọ́ wé orí mi títí dé àgbọ̀n. Báyìí ni mo ṣe ń lọ sí iléèwé, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí ní Màmá Àgbà.

"Òtútù ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀," lohun tó máa ń wí. "Ọ̀kan péré ló kù ẹ́ kù."

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe nílé. Iléèwé girama kan ní Ìlọrà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá, ọ̀kadà ni mo sì ń gùn lọ láti Fìdítì láràárọ̀. N kì í ṣe tíṣà tí ọmọ ń fẹ́ràn, òótọ́ kò ṣeé fi pamọ́. Ọmọ tó bá kọ ọ̀rọ̀ láìfi àmì ohùn sí i, òdo. Èyí tó bá fi àmì tí kò tọ́ sí i, òdo kan náà, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ilé ní orí rẹ̀. "Ọkọ́ lo kọ síbí yìí. Ṣé ọkọ́ ni ìyá rẹ fẹ́ níbi ìgbéyàwó?" Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, ẹni tí mo ń bá wí á máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí ẹ̀rín yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Iṣẹ́ tí mo rí lọ́hùn-ún kò bá àmì ohùn tan. Ilé iṣẹ́ kan ni, níbi tí wọ́n ti ń rọ ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò sínú ìgò. Ìgò ń bọ̀ lórí bẹ́líìtì ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n ń gbá ara wọn láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ariwo tí a mọ̀ nílé máa ń mí. Ọjà a máa hó, a sì máa rọ̀, ẹ̀rọ ìlọta pàápàá máa ń sinmi bí wọ́n bá ń da àgbàdo mìíràn sí i. Ti ìgò wọ̀nyí kì í sinmi, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ìró gooro tó ń há mọ́ eyín. Wọ́n fún olúkúlùkù wa ní ohun tí a ó máa fi bo etí, rọ́bà róbótó méjì tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ so pọ̀ láti òkè orí.

Ẹ wá wo ọgbọ́n orí mi. Kí n tó jáde nílé, màá fi òwú dí etí, màá dé fìlà onírun lé e, màá tún fi ìborùn wé e. Nígbà tí mo bá wá wọ inú gbọ̀ngàn iṣẹ́, tí ooru ẹ̀rọ kún ibẹ̀ fọ́fọ́, màá yọ gbogbo rẹ̀. Etí tí òtútù ti ń jẹ láti àárọ̀, ó yẹ kí ó yá ooru díẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n fún mi, ọrùn ni mo ń gbé e kọ́. Danúta, obìnrin ará Pólándì kan tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nídìí bẹ́líìtì, kò yé fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e bò mí létí bí ẹni ń dé fìlà fún ọmọ. Màá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ti yíjú sẹ́yìn, màá yọ ọ́. Ọdún méje ni mo fi dáàbò bo etí mi ní ìta tí ohunkóhun kò ti fẹ́ pa á, tí mo sì ń ṣí i sílẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń pa á.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀, kò sì lọ lọ́jọ́ kan. Ó kọ́kọ́ kó àwọn ìró wẹ́wẹ́ tí eyín àti ètè máa ń fẹ́ jáde, s àti f àti ṣ, ó fi fáwẹ̀lì sílẹ̀ fún mi bí ẹni jẹ ẹran tán tó fi egungun sílẹ̀. Ẹnu ènìyàn á máa mì níwájú mi, ohun tí màá gbọ́ kò ní ju kíkùn lọ. Mo ní kí wọ́n tún un sọ, wọ́n á tún un sọ. Tí mo bá ní kí wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á ju ọwọ́, wọ́n á ní kí n gbàgbé rẹ̀, kò ṣe pàtàkì. Mo kórìíra gbólóhùn yẹn ju èébú lọ, nítorí ẹni tó bú ọ ṣì ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kan mo jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà láti aago mẹ́sàn-án. Àwọn tó bá mi níbẹ̀ wọlé tán, àwọn tó dé lẹ́yìn mi wọlé tán. Nígbà tó di ọ̀sán, obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì wá bá mi, ó fi ìka hàn mí nínú ìwé rẹ̀. Wọ́n ti pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé n kò wá. Mo ṣe bí ẹni tó sùn lọ. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n pè mí ní ọ̀lẹ ju kí wọ́n pè mí ní adití lọ.

Ṣùgbọ́n Yorùbá kò lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn, òun ló sì mú mi dúró. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ìyá mi a máa pè mí láti Fìdítì. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ kí n tó lọ, ó sì ṣú pátápátá ní ọdún kẹta tí mo wà lọ́hùn-ún. Kò lè ka àtẹ̀jíṣẹ́, fọ́nrán àwòrán kò wúlò fún un, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló mọ̀ lórí fóònù kékeré rẹ̀, èyí tó ń gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Èmi nìkan ni ọmọ tó bí. Ojú tirẹ̀ ti lọ, etí tèmi ń lọ. Ohùn nìkan ló kù láàárín àwa méjèèjì, mo sì mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún nígbà náà kò ju pé kí ohùn yẹn má já.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dé bí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní eyín mọ́, ṣùgbọ́n ó ń dé. Ohun tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, mo ń gbọ́ ọ nínú gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé bí ènìyàn bá fi imú kùn ún lásán, ìdajì ọ̀rọ̀ ti jáde.

"Ṣó o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mà."

"Kí lo jẹ?"

"Ìrẹsì ni, mà."

"Ìrẹsì, ìrẹsì. Ṣé ẹyẹ ni mo bí ni?" Á rẹ́rìn-ín, á wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Etí ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, Màámi. Ó kàn ń dí díẹ̀ ni."

"Òtútù ló wọ̀ ọ́. Mo ti ní kó o máa fòwú dí i."

"Mò ń fi dí i, mà."

Bí ó bá fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, á pe oríkì mi. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń fi í pè mí mọ́, n kò sì ní kọ ọ́ síbí. Màá gbé fóònù náà mọ́ etí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i lẹ́yìn tó bá ti kú. Ní ìlú tí n kò ti jẹ́ ohunkóhun ju nọ́ńbà tó wà ní àyà aṣọ iṣẹ́ mi, oríkì yẹn nìkan ló ń sọ fún mi pé ibì kan wà tí mo ti jẹ́ ènìyàn.

Nígbà tó yá, mo rí dókítà elétí. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó máa ń dojú kọ mí sọ̀rọ̀ kí n lè wo ẹnu rẹ̀. Ó ya àwòrán fún mi. Inú etí dà bí ìkarahun ìgbín, ó ní irun tín-ín-tìn-ìn-tín kún inú rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló ń gbọ́ ìró tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn tó wà ní kọ̀rọ̀ inú lọ́hùn-ún ló ń gbọ́ ìró tó wúwo. Ariwo ìgò ti pa àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó wà ní kọ̀rọ̀ ṣì wà láàyè, àwọn ló ń gbé ohùn ìyá mi fún mi. Mo bi í léèrè bóyá òtútù ló fà á. Ó ní rárá, ariwo ni. Mo mi orí bí ẹni tó gbà. Nínú ọkàn mi mo ní, ìwọ tí wọ́n bí sínú yìnyín, kí lo mọ̀ nípa òtútù?

Ó ní àwọn lè fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sínú ìkarahun náà, kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ, kí n lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ padà. Etí òsì ti sùn pẹ́ jù láti ìgbà èwe, ọ̀tún ni wọ́n máa ṣe. Ṣùgbọ́n ewu kan wà. Bí okùn náà bá ṣe ń wọlé, ó lè pa àwọn irun tó kù ní kọ̀rọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dán ohun titun kan wò nílé ìwòsàn náà, ó sì fẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ní èdè abínibí mi kí n tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Ó pe ògbufọ̀ kan lórí fóònù, ó gbé e sí orí tábìlì. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ dùn, ó sì mọ ọ̀wọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Dókítà ní àwọn fẹ́ fi òtútù sínú etí yín kí iṣẹ́ abẹ náà tó bẹ̀rẹ̀, àti nígbà tó bá ń lọ lọ́wọ́."

Mo ní kí ó tún un sọ. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé etí mi ló gbọ́ ọ sódì.

"Òtútù, mà. Wọ́n fẹ́ fi òtútù sí etí yín. Ó ní ó ṣeé ṣe kó dáàbò bo èyí tó kù níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà. Ìwádìí ni. Ẹ lè gbà, ẹ sì lè kọ̀."

Ẹ̀rín pa mí. Dókítà náà bá mi rẹ́rìn-ín, ó rò pé inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀.

"Òtútù kẹ̀? Wọ́n fẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ fi òtútù sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, mà."

"Kí wá ni mo ń yọ́ òrí fún láti ọjọ́ yìí? Ohun tó pa etí ọ̀hún náà ni wọ́n tún fẹ́ dà sí i. Má gbà fún wọn o. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n ṣe é. Òtútù yẹn, sọ fún wọn pé ìyá rẹ ní rárá."

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí. Mo gba bírò lọ́wọ́ dókítà, mo fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ, mo sì fa ìlà sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé n kò gba òtútù náà. Kò bínú. Ó ní ẹ̀tọ́ mi ni. Mo jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tí kò jẹ́ kí òyìnbó fi òun ṣe ohun ìdánwò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan kọ́ mi ní ẹ̀yìn etí, wọ́n tan án. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn ń dún bí agolo. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ìró tí mo ti sin ń padà bọ̀. Mo gbọ́ bí bébà ṣe ń họ nígbà tí mo bá ṣí i. Mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ nínú àpò mi. Ní ibùdókọ̀ ojú irin, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde pé ọkọ̀ wa yóò pẹ́, gbogbo ènìyàn ń kùn, èmi nìkan ni mo ń rẹ́rìn-ín, nítorí mo gbọ́ ọ láìbi ẹnikẹ́ni. Danúta sọ àpárá kan nídìí oúnjẹ ọ̀sán, mo sì rẹ́rìn-ín ní àkókò tó yẹ. Ó dìde, ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún. N kò ní purọ́, inú mi dùn gan-an ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìlú tó ti ń ju ọwọ́ sí mi láti ọjọ́ yìí ti wá ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi wá dé, ìyá mi pè.

N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ohun tí mo gbọ́. Kọ́ńsónáǹtì pé, fáwẹ̀lì pé, n kò ti gbọ́ k àti s ìyá mi báyìí fún ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ wà lórí ìlà kan, kò gòkè, kò sọ̀kalẹ̀, bí ẹni ń ka nọ́ńbà ilé. Ó béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, n kò mọ̀ pé ìbéèrè ni. Nígbà tó pe oríkì mi, orúkọ àjèjì kan ni mo gbọ́. Ó dà bíi pé wọ́n kọ ìyá mi sínú ìwé ìdánwò láìfi àmì ohùn kankan sí i.

Mo padà lọ bá dókítà. Ó dán mi wò, ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwọn irun tó wà ní kọ̀rọ̀ ti lọ, okùn náà ti pa wọ́n. Ẹ̀rọ mọ ọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ gíga ohùn bí etí ṣe mọ̀ ọ́n, ìyẹn kò sì yọ àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu púpọ̀. Mo bi í léèrè ohun tí mo ti mọ̀ pé kò yẹ kí n béèrè.

"Ká ní mo ti gbà fún ìtutù yẹn ńkọ́?"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní òun kò lè sọ. Ó ṣeé ṣe kí ó gbà wọ́n là, ó sì ṣeé ṣe kí ó má mú ohunkóhun wá. Ìbá wù mí kó ní rárá. "Ó ṣeé ṣe" yẹn ni mo ń gbé sùn, òun ni mo ń gbé jí.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà sókè sódò. N kò bá ògbufọ̀ wí. Òtútù ni ọ̀rọ̀ tó wá sí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ Yorùbá sì ni. Ṣùgbọ́n nílé wa, òtútù kì í ṣe nǹkan rere. Òtútù a máa mú ènìyàn, a máa wọ ara, a sì máa pa ọmọ. Èyí tó tutù ló dára. Ní òwúrọ̀ ọdún titun kọ̀ọ̀kan, ìyá mi a máa gbé ọwọ́ lé mi lórí, á ní orí mi á tutù, ọ̀nà mi á tutù, ilé mi á tutù bí omi àfòwúrọ̀pọn. Ká ní obìnrin yẹn sọ pé wọ́n fẹ́ mú etí mi tutù, ǹ bá ti ṣe àmín kó tó parí ọ̀rọ̀. Láti ara igi kan náà ni a ti gé ọ̀rọ̀ méjèèjì, èmi tí mo ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní òdo nítorí àmì kan ṣoṣo, n kò bi í léèrè èyí tó ń wí. Àbámọ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Tèmi gbẹ̀yìn, ó sì jókòó.

N kò sọ ọ́ fún ìyá mi. Bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún afọ́jú ẹni àádọ́rin ọdún ó lé pé "rárá" tó sọ lọ́jọ́ yẹn ló ṣeé ṣe kí ó gba ohùn rẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́? Mo ní ẹ̀rọ náà titun ni, etí mi á mọ̀ ọ́n bó bá pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lórí fóònù. Ó rò pé ohùn òun ni kò ròkè tó.

Oṣù bíi mélòó kan la fi ń tan ara wa jẹ báyìí. Mo ń mú ìdáhùn tó bá ibikíbi mu: "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," "Ọlọ́run á ṣe é," "Ẹ kú ìrọ́jú." Nígbà mìíràn ó máa ń bọ́ sí i. Bọ́lá, ọmọ àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Akínmọ̀rìn, wà nínú oyún nígbà náà, oyún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án ìgbéyàwó. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyá mi pè, mo gbọ́ orúkọ Bọ́lá, mo gbọ́ ilé ìwòsàn, mo sì gbọ́ pé ó bí, n kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

"Ó bí! Ẹ kú oríire o, Màámi! Ọlọ́run ṣeun! Akọ ni àbí abo?"

Kò sí ohùn. Mo rò pé fóònù já. Mo ń pariwo ayọ̀ lọ, mo ń bi í léèrè orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́, títí fóònù náà fi kú lóòótọ́. Ní ọjọ́ kejì ni àtẹ̀jíṣẹ́ ọkọ Bọ́lá wọlé. Bọ́lá bì. Ó bì láti ìrọ̀lẹ́ títí di àárọ̀, ara rẹ̀ gbóná, kí wọ́n sì tó gbé e dé ilé ìwòsàn, oyún náà ti bàjẹ́. Ìyá mi ti fẹ́ kí n bá òun sunkún.

Mo jókòó sí etí ibùsùn mi, mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà títí n kò fi rí i mọ́. Gbogbo ìgbà tí mo ti wà lókè òkun, mo máa ń sọ fún ara mi pé àjò ni mo wà, pé ilé ń dúró dè mí. Ní ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo lè wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ́la, kí n bọ́ sílẹ̀ ní Fìdítì, kí n jókòó ti ìyá mi lórí àga kan náà, kí n sì jẹ́ àlejò tí kò gbọ́ èdè. Níbí tí wọn kò ti bí mi, mo ń gbọ́ àpárá. Níbẹ̀ tí wọ́n ti bí mi, n kò mọ bíbí yàtọ̀ sí èébì.

Ọ̀nà kan ló kù, mo sì sá fún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó gbà á. Gẹ̀ẹ́sì kò nílò gíga ohùn kí ó tó yé mi. Ìyá mi sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ó ka ìwé mẹ́fà ní iléèwé ìjọ Onítẹ̀bọmi, lẹ́yìn náà ló ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé fún ọdún gbọọrọ, ó ń gbá ilẹ̀, ó ń gbé fáìlì, ó ń jẹ́ ìpè. Èmi àti òun kò fi Gẹ̀ẹ́sì bá ara wa sọ̀rọ̀ rí ní ayé wa. Nígbà tí mo wà ní kékeré tí mo dán an wò, ó ní òun kò bí òyìnbó.

Mo pè é. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, n kò sì mọ bí ohùn ara mi ṣe rí mọ́ pẹ̀lú.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì láti òní lọ. Òun nìkan ló ń yé etí yìí."

Mo gbọ́ bí ó ṣe ń wá ọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ tá ògiri kiri nínú yàrá tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo wá bi í ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, rọra, pé ṣé ó ti jẹun, pé ṣé ó ń gbọ́ mi. Gẹ̀ẹ́sì tó wà lọ́wọ́ ìyá mi kò ju èyí tó fi ń dá ọ̀gá rẹ̀ lóhùn ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì lọ. Òun náà ló sì fi dá mi lóhùn.

"Yẹ́ẹ̀sì, mà," ni ìyá mi wí fún mi.

Mo gbọ́ ọ ketekete.